Òkúta Etí Odò Kamiori

Ṣé Ìyá fẹ́ kí òjò rọ̀, àbí wọn kò fẹ́? Ìbéèrè yìí kò gùn. Ọmọdé lè dáhùn rẹ̀ láìronú, pàápàá ní ìlú tí ilẹ̀ oko ìrẹsì ti là bí àtẹ́lẹsẹ̀ arúgbó. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bi ìyá ọkọ mi ní ìbéèrè yìí níwájú gbogbo àdúgbò, Ìyá kò dáhùn. Bí ìbéèrè náà ṣe dé, àti ìdí tó fi pẹ́ kí ó tó rí ìdáhùn, ni mo fẹ́ sọ.

Ìlú wa, Nagatsubo, kò ní odò tó tó nǹkan. Láti ayé àwọn baba wa ni a ti ń gbẹ́ adágún tí a fi ń gba òjò sílẹ̀ de ìrẹsì, a kì í sì í fi omi ṣeré. Ṣùgbọ́n lọ́dún náà, òjò tó máa ń ṣáájú ooru kọjá lọ́dọ̀ wa bí àlejò tí kò bọ́ bàtà. Àwọn adágún gbẹ kan ẹrẹ̀, a sì wá gbọ́kàn lé dáàmù tó wà láàárín òkè lọ́hùn-ún, níbi tí omi ẹ̀rọ wa ti ń wá. Nígbà tí omi dáàmù náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ilé iṣẹ́ ìjọba ìlú, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka omi, fún mi ní ọkọ̀ kékeré kan tó ní gbohùngbohùn lórí. Wọ́n ní kí n máa yí ìlú ká, kí n máa bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n ṣọ́ omi lò.

Èmi kò gbà pé ariwo nìkan lè yí ìwà padà. Ẹni tí a bá sọ fún pé kí ó dín omi kù yóò bi ara rẹ̀ pé, "Bí mo bá dín tèmi kù tí aládùúgbò mi kò dín tirẹ̀ kù, kí ni èrè rẹ̀?" Ìbéèrè náà sì bọ́gbọ́n mu. Nítorí náà, mo rọ ẹgbẹ́ àdúgbò wa láti pe ìpàdé, kí olúkúlùkù lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ìlérí ẹnì kejì. Ìpàdé yẹn ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́ sílẹ̀.

Okubo ni alága wa. Àgbẹ̀ onírẹsì ni, òun àti Kosuke ọkọ mi jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ni. Ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, kò sì mọ ibi tí àwàdà ti ń di ẹ̀gún. A ti fẹnu kò lọ́jọ́ náà pé omi tí a fi ṣan ìrẹsì ni a óò máa bù sí ìdí ewébẹ̀. Pé omi ìwẹ̀ tí gbogbo ilé bá ti lò tán kò gbọdọ̀ ṣòfò, a óò fi fọ aṣọ. Pé ilé oúnjẹ tó wà ní ìkóríta yóò máa ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, nítorí omi tí wọ́n fi ń se údọ́n, oúnjẹ oníyẹ̀fun tó gùn bí okùn, tí wọ́n sì fi ń ṣan án, kọjá kékeré. Obìnrin tó ni ilé oúnjẹ náà figbe ta.

"Kí n wá máa ta kí ni nírọ̀lẹ́? Kí n máa ta èéfín?"

"Máa ta ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ," ni Okubo wí. "Ìyẹn ò gbẹ rí."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló gùn ún. Ó yíjú sí Ìyá, tí wọ́n jókòó sí igun pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́.

"Ìyá Shigeno, ẹ̀yin ńkọ́? Mo gbọ́ pé ẹnu ọ̀nà ojúbọ Kamiori ti yọrí nínú omi. Ẹ̀yin ará òkè, ẹ bá wa sọ òtítọ́ lónìí. Ṣé ẹ tiẹ̀ fẹ́ kí òjò rọ̀ ṣá?"

Ẹ̀rín tún sọ. Ìyá kò bá wa rẹ́rìn-ín, wọn kò sì bínú. Wọ́n mu tíì wọn dé ìsàlẹ̀ ife, wọ́n yí ife náà po nínú àtẹ́lẹwọ́, wọ́n gbé e kalẹ̀. A dúró. Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó Okubo fi ìgbúnwọ́ gún ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá tẹrí ba fún gbogbo èèyàn, wọ́n ní ilẹ̀ ń ṣú, a sì lọ sílé.

Kamiori ni abúlé tí wọ́n bí Ìyá sí. Abẹ́ omi dáàmù ni ó wà. Ìyá ti wá sílé ọkọ ní Nagatsubo kí ìjọba tó sé odò ibẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n padà lọ wo bí abúlé náà ṣe ń tán, wọ́n pọn Kosuke sẹ́yìn. Wọ́n rí i bí a ṣe hú àwọn òkú kúrò nínú ibojì tí a kó wọn lọ síbòmíràn, àti bí a ṣe fi iná sun àwọn ilé kí pákó wọn má baà léfòó. Lẹ́yìn náà ni omi ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ìlú ló mọ ìyẹn. Ohun tí ẹni tí kò gbé inú ilé wa kò mọ̀ ni ọ̀rọ̀ òkúta.

Òkúta pẹlẹbẹ kan wà létí odò, lẹ́yìn ilé bàbá Ìyá, níbi tí àwọn obìnrin ilé náà ti ń fọ ewébẹ̀. Orí rẹ̀ ni Ìyá àti ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, Masu, máa ń jókòó sí nígbà ooru, tí ẹsẹ̀ wọn ń fì lórí omi. Kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ dáàmù, ọkọ Masu mú un lọ sí Bùràsíìlì láti lọ gbin kọfí. Ní òwúrọ̀ tí ó fẹ́ lọ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Kobe, Masu fa àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ dé orí òkúta náà, ó ní, "Bí mo bá padà dé, má wulẹ̀ wá mi lọ síbòmíràn. Ibí ni kó o ti dúró dè mí." Ìyá ní àwọn yóò dúró. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni àwọn méjèèjì. Kò sí ìdí tí wọn ì bá fi rò pé ibi tí èèyàn dá ìpàdé sí lè wọmi. Fún ìgbà díẹ̀, ìròyìn Masu ń dé. Nígbà tó yá, kò dé mọ́.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò lọ́tùn-ún lósì. Bí Masu bá wà láàyè, arúgbó ni, ọ̀nà náà sì jìn. Bí ó bá ti kú, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí nígbà Obon, nínú oṣù kẹjọ, àwọn òkú a máa padà wá kí ilé, àwa náà a sì máa dáná kékeré sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n má baà ṣìnà. Ẹnu ọ̀nà wo ni Masu yóò gbà? Kò dé Nagatsubo rí. Kò mọ ilé wa. Orí òkúta nìkan ni ó dá ìpàdé sí.

Nítorí náà, láti ìgbà tí omi dáàmù ti ń fà, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìbéèrè Ìyá kan náà ni: "Omi ọ̀hún dé ibo lónìí?" N óò ní ó ti fi àtẹ̀gùn ojúbọ sílẹ̀; ọjọ́ mìíràn, ó ti fi ògiri oko ìdílé Hamaji, ará Kamiori, sílẹ̀; ọjọ́ mìíràn, ìpìlẹ̀ afárá ti yọ. Bí mo bá ti dárúkọ ibi kan, Ìyá a di ojú. Mo mọ̀ pé wọ́n ń gba ibẹ̀ kọjá nínú ọkàn wọn, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò. Òkúta náà ló rẹlẹ̀ jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń rìn lọ bá.

Ohun tó wá rú mi lójú ni pé, nínú gbogbo Nagatsubo, n kò rí ẹni tó ń ṣọ́ omi bí Ìyá. Bí Kosuke bá ń fọ ẹnu, wọn a dúró tì í lẹ́yìn.

"Ti ẹ̀rọ yẹn! Ṣé ẹnu ẹja ni ẹnu rẹ ni?"

"Ìyá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bù ú sẹ́nu ni."

"Eyín mélòó ló kù sí ọ lẹ́nu tó ń mu tó báyìí?"

Mo bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n ń da omi tí a fi ṣan ìrẹsì sí ìdí kùkúmbà. Mo ní, "Ìyá, ẹ mọ̀ pé gbogbo omi tí a kò bá lò níbí, orí Kamiori ló máa dúró sí."

"Mo mọ̀."

"Ẹ wá ń..."

"Omi ni omi, Natsue. Ọ̀rọ̀ mi ni ọ̀rọ̀ mi." Wọ́n gbọn ìkòkò náà títí tí ẹ̀kán tó kù fi bọ́.

Àwọn ọmọ ilé ìwé ló mú àbá kan wá nígbà tó yá. A ní ọmọlangidi aláṣọ funfun kan tí a máa ń so sábẹ́ òrùlé bí a bá fẹ́ kí oòrùn ràn ní ọjọ́ eré ìdárayá tàbí ọjọ́ ìrìn àjò. Bí a bá dorí rẹ̀ kodò, òjò ni à ń bẹ̀. Àwọn ọmọ ní kí gbogbo ilé so ọ̀kan, kí gbogbo wa dorí rẹ̀ kodò. Mo kéde rẹ̀ nínú gbohùngbohùn. Kì í ṣe pé mo gbà pé aṣọ lè pe òjò. Ohun tí mo rò ni pé, ojú yóò ti ẹni tó bá so ó sí iwájú ilé rẹ̀ láti da omi tó mọ́ sójú títì lábẹ́ rẹ̀. Láìpẹ́, kò sí ilé kan ní àdúgbò wa tí kò ní tirẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá Okubo lẹ́nu ọ̀nà wa, ó káwọ́ mọ́ àyà.

"Ìyàwó wa, káàbọ̀. Wá bá mi wo ẹni tó ń fi mí rẹ́rìn-ín."

"Ta ni, ẹ̀gbọ́n?"

"Gbójú sókè."

Mo gbójú sókè. Ọmọlangidi ilé wa ti dúró lórí okùn rẹ̀, orí lókè, ẹsẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń fi ẹnu tí a fi yíǹkì yà fún un rẹ́rìn-ín sí ojú ọ̀nà.

"Gbogbo àdúgbò ló dorí tiwọn kodò. Tiyín nìkan ló nàró bí ọkọ ìyàwó. O fi gbohùngbohùn jí wa láàárọ̀, ilé rẹ wá ń pe oòrùn nírọ̀lẹ́?" Ó mí kanlẹ̀. "Ìrẹsì mi ń kú lọ, ìyàwó wa. Mi ò bá ọ ṣeré."

Ohùn rẹ̀ kò ga bó ṣe máa ń ga. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ dé egungun. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní atẹ́gùn ni, ó sì wo igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, tí ewé rẹ̀ kankan kò mì, ó lọ.

Mo fura sí Ìyá. Kò yẹ kí n fi pamọ́. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ? Nígbà tí a jókòó ti oúnjẹ, mo gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan.

"Ọmọlangidi wa ti dorí sókè. Ó ní láti jẹ́ atẹ́gùn."

"Kò sí atẹ́gùn," ni Kosuke wí. Kò gbójú kúrò nínú àwo rẹ̀. "Èmi ni."

"Ìwọ? Ọkọ ẹni tí ń gbé gbohùngbohùn kiri?"

"Èmi ọmọ Ìyá. Ìyá ò ní ṣe é fúnra wọn láéláé. Ni mo ní kí n bá wọn ṣe é."

Ìyá gbé igi ìjẹun wọn kalẹ̀.

"Kosuke."

"Mà."

"Kí ni Okubo fi ṣe ọ́?"

"Kò fi nǹkan kan ṣe mí."

"Ìrẹsì ta ló wà lẹ́nu rẹ yẹn?"

Kosuke wo àwo ọwọ́ rẹ̀. Ìrẹsì Okubo ni à ń jẹ nílé wa, láti ayé bàbá rẹ̀. Ìyá dìde, wọ́n fa àga jáde síwájú ilé, wọ́n gun un. Kosuke sáré tẹ̀ lé wọn, ó di àga náà mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ìyá dorí ọmọlangidi náà kodò, wọ́n so okùn rẹ̀ le, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ láìwo ojú ẹnì kankan.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ìdáhùn ìbéèrè Okubo nìyẹn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọwọ́ èèyàn ṣe ń jẹ́rìí sí ohun tí ó kà sí ẹ̀tọ́. Kò ní agbára láti jẹ́rìí sí ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Ẹni tí ebi ń pa lè gbé oúnjẹ fún àlejò. Ìyẹn kò sọ pé ebi kò pa á. Ìbéèrè náà ṣì wà níbi tí Okubo fi í sí.

Iṣẹ́ wa yọrí sí rere, bí mo bá lè pè é bẹ́ẹ̀. Ìlú fi tọkàntọkàn dín omi kù, tó fi jẹ́ pé àwọn tí ń ṣọ́ dáàmù rí àyè dín omi tí wọ́n ń tú jáde nínú rẹ̀ kù dáadáa. Omi ìsun tí ń ti orí òkè wọlé, bó ti wù kí ó kéré tó, wá ń bá èyí tí ń jáde dọ́gba. Lọ́jọ́ tí ìròyìn dé pé omi náà kò fà mọ́, ọ̀gá mi dúró láti kí mi níṣojú gbogbo ọ́fíìsì. Inú mi dùn. Ó dùn títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà ilé wa.

"Omi ọ̀hún dé ibo lónìí?"

"Kò fà mọ́, Ìyá. Ó ti dúró."

"Ó dúró síbo?"

"Ó ku díẹ̀ kí ó kan etí odò."

Ìyá di ojú wọn. Lọ́tẹ̀ yìí ó pẹ́ kí wọ́n tó là á.

"O kú iṣẹ́, ọmọ mi," ni wọ́n wí, wọ́n sì wọlé lọ bu tíì bálì tútù fún mi.

Kosuke ló ní kí a mú Ìyá lọ wo ibẹ̀ kí Obon tó wọlé. Okubo gbọ́, ó sì wá síwájú ilé wa. Ọkọ̀ akẹ́rù tòun, ó ní, ga ju ọkọ̀ Kosuke lọ, ọ̀nà ibẹ̀ kò sì dára. Òun ni yóò wa Ìyá lọ. Kosuke ní kò pọn dandan. Okubo ní kò sẹ́ni tó bi Kosuke léèrè. Ìyá ti jókòó sínú ọkọ̀ Okubo kí àwọn méjèèjì tó parí àríyànjiyàn.

Ilẹ̀ tí omi fi sílẹ̀ kò ní koríko kankan. Ó pupa, ó là, ó sì lọ ní ìpele ìpele sísàlẹ̀ títí kan omi. Ṣùgbọ́n ọ̀nà abúlé ṣì wà níbẹ̀, tó tẹ́jú gẹ́gẹ́ bí àwọn tó là á ṣe fi í sílẹ̀. Ìyá ṣáájú wa. Wọn kò mú ọ̀pá. Wọ́n yà ní igun ilé tí kò sí mọ́, wọ́n tẹrí ba kọjá lábẹ́ igi tí kùkùté rẹ̀ nìkan ló kù, wọ́n dúró díẹ̀ níbì kan tí n kò rí nǹkan kan, bí ẹni tó ń jẹ́ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ jáde, wọ́n tún ń lọ. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tẹ̀ lé wọn, a ń ya níbi tí wọ́n bá yà.

Ibi tí omi ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n dúró sí. Kò jìn sí wa, lábẹ́ omi, ohun dúdú pẹlẹbẹ kan wà.

"Òun nìyẹn," ni Ìyá wí.

Omi tó bò ó kò ju ohun tí èèyàn lè fi ọwọ́ gbá dànù lọ lójú mi. Mo mọ omi náà. Omi tí Nagatsubo kò dà nù ni, tí mo fi ẹnu ara mi bẹ̀ sílẹ̀ ní òpópónà dé òpópónà. Mo wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi tọrọ àforíjì, n kò rí i, nítorí pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tí mo lè dárúkọ.

Kosuke ti ń bọ́ bàtà. "Ìyá, ẹ gùn mí lẹ́yìn."

"Ẹrẹ̀ ibẹ̀ á gbé ọ mì."

"Kò lè gbé mi mì."

"Bó bá gbé èmi àtìwọ mì, ta ló máa dáná Obon? Okubo?"

"Èmi ò mọ̀ ọ́n dá," ni Okubo fèsì láti ẹ̀yìn. "Ìyàwó mi ló ń dá a." 

Ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n lóṣòó, wọ́n na ọwọ́ sínú omi ní ẹsẹ̀ wọn, wọ́n fi í síbẹ̀, bí ẹni tó gbé ọwọ́ lé èjìká ẹnìkan tó ń sùn. Ojú wọn kò kúrò lára òkúta náà. Mo rò pé wọ́n ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ètè wọn kò mì.

Nígbà náà ni ìkùukùu yọ lẹ́yìn òkè. Ó ṣú, ó wúwo, kò jọ èyí tó ti ń tàn wá jẹ látọdún. Àrá sán lọ́nà jíjìn. Mo rí ojú Okubo bó ṣe là, bí ojú ọmọdé, mo sì rí bó ṣe sáré pa ojú náà dé nígbà tó rántí ibi tó wà. Ó ṣí fìlà rẹ̀. Ó wá lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ Ìyá, kò sún mọ́ wọn jù.

"Ìyá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo sọ níjọ́ ìpàdé. Mo bi yín ní nǹkan tí kò yẹ kí n bi yín. Ẹ má dá mi lóhùn mọ́. Ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀."

"O bi mí, Okubo."

"Àwàdà ni mo fi ṣe, Ìyá."

"Àwàdà kọ́. O fẹ́ mọ̀ ni. Ó sì tọ́ kó o mọ̀, torí oko rẹ ni." Ìyá fa ọwọ́ wọn jáde nínú omi, wọ́n jẹ́ kí ó kán tán sínú omi dáàmù náà kí wọ́n tó nù ún mọ́ aṣọ. "Bó bá rọ̀ lálẹ́ yìí, n óò gbé gbogbo garawa ilé wa síta láti fi gbà á, n ò ní jẹ́ kí ẹ̀kán kan ṣòfò, n óò sì bá ọ yọ̀ sí ìrẹsì rẹ. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó rọ̀. Rárá o, ọmọ mi. Mi ò fẹ́ kó rọ̀."